Ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé kí ẹ tó ra sólà: ilé kékeré fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nílé ní Ọ̀jọ́ àti Ìbà

Ní aago méjì ọ̀sán, nínú oṣù kejì ọdún, ẹ wọ yàrá kan nínú ilé "face-me-I-face-you" ní Okokomaiko. Fèrèsé kan ṣoṣo ló ní, ẹ sì lè na ọwọ́ láti ibẹ̀ kan ògiri ilé kejì. Páànù ti gbóná débi pé ooru ń ti inú sílíìnì bọ́ sílẹ̀ lé èèyàn lórí. Ọ̀dọ́ tó jókòó síbẹ̀ ń bá oníbàárà òkè òkun ṣèpàdé lórí kọ̀ǹpútà. Aṣọ ìnujú wà léjìká rẹ̀. Kó lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, ó ti fèrèsé náà pa nítorí jẹnẹrétọ̀ mẹ́ta tó ń kùn lẹ́yìnkùlé.

Irú yàrá yìí pọ̀ ládùúgbò wa. Láti 1983 tí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó (LASU) ti wà ní Ọ̀jọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn tó ti ṣe tán ló kún àyíká Ìyànà Ìbà, Kòrónà ọdún 2020 sì kọ́ púpọ̀ nínú wọn láti máa ṣiṣẹ́ láti ilé. Rélùwéè Blue Line tí wọ́n yà láti Marina dé Okokomaiko, kìlómítà 27, bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù kẹsàn-án 2023, ṣùgbọ́n Mile 2 ni ipele àkọ́kọ́ rẹ̀ parí sí. Ẹni tó lè ṣiṣẹ́ nílé ti bọ́ lọ́wọ́ ìyà ọ̀nà Badagry. Kò yẹ kó tún bọ́ sínú ìyà yàrá.

Bí ọ̀rọ̀ ilé bá délẹ̀, ohun tí gbogbo èèyàn kọ́kọ́ ń béèrè ni pé, "Sólà èló ni kí n rà?" Mi ò dá wọn lẹ́bi. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún 2023, lítà epo bẹntiróòlù kan kúrò ní N185, ó fò kọjá N480 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní oṣù kẹrin 2024, yúníìtì iná fún àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tó ń rí iná jù, kúrò ní N68, ó di N225. Síbẹ̀, ìbéèrè sólà kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Ilé tó gbóná yóò jẹ iná tí sólà kékeré kò lè pèsè láéláé. Ilé fúnra rẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́.

Ọ̀jọ́ wà ní nǹkan bí dígírì 6.5 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé, nítorí náà oòrùn ọ̀sán kì í jìnnà sí àtàrí wa. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, apá àríwá ló ń gbà kọjá. Ní ìyókù ọdún, apá gúúsù ni. Bó ti ga tó yẹn, etí òrùlé tó yọ síta bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ti tó láti ṣíji bo fèrèsé àríwá àti ti gúúsù. Oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ ló ṣòro, nítorí pé wọ́n rẹlẹ̀, wọ́n sì ń wọlé tààrà. Ògiri búlọ́ọ̀kù tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn yóò mu ooru títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, yóò wá máa tú u sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá fẹ́ sùn. Ẹ jẹ́ kí ilé náà gùn láti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn, kí ilé ìwẹ̀ àti sítọ̀ wà ní apá ìwọ̀-oòrùn, kí yàrá iṣẹ́ wà ní gúúsù. Ẹ gbin dóńgóyárò sí ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀-oòrùn náà bí àyè bá wà. Àṣà párápẹ́ẹ̀tì tó gbòde yìí, tí òrùlé kò ní etí mọ́, ń dùn mí gan-an: oòrùn àti òjò jọ ń na ògiri náà ni.

Fún ọ̀pọ̀ oṣù, atẹ́gùn òkun máa ń gba gúúsù ìwọ̀-oòrùn wọ̀lú. Ìgbà ọyẹ́ ló máa ń yí padà sí àríwá ìlà-oòrùn. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn kì í wọ ibi tí kò ti rí ọ̀nà jáde. Yàrá tó ní fèrèsé méjì lára ògiri ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ń mí. Èyí tó ní ẹyọ kan kì í mí. Pulọ́ọ̀tì ilẹ̀ wa jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120, a ń gé e sí méjì, a sì ń kọ́lé dé ẹnu fẹ́ǹsì. Níbo ni atẹ́gùn fẹ́ gbà? Ẹ tún wo fèrèsé sláídìn: bí ẹ bá fà á tán, ìdajì péré ló ṣí. Lúfà àtijọ́ tí a ń yọ dànù fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí tán, ó sì lè ṣí díẹ̀ bí òjò bá ń rọ̀. Bí ẹ bá fi búlọ́ọ̀kù fáńsì sí òkè ògiri pẹ̀lú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń gòkè yóò ríbi jáde.

Àwọn baba wa mọ èyí. Nínú àkòdì, òrùlé yí àgbàlá ká, òjò ń bọ́ sínú ìkòkò, ooru sì ń gba ojú ọ̀run lọ. Demas Nwoko, oníṣẹ́ ọnà àti ayàwòrán ilé tí wọ́n bí ní Idumuje-Ugboko ní 1935, tó sì kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà ní Zaria, mú irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ padà nígbà tó kọ́ New Culture Studio àti ilé ìjọsìn Dominican ní Ìbàdàn. Ilẹ̀ pupa tí wọ́n pò mọ́ sìmẹ́ńtì ló fi ṣe búlọ́ọ̀kù, ó sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ní ọ̀nà. Ní 2023, ìpàtẹ ilé kíkọ́ Venice Biennale ní Ítálì fún un ní ẹ̀bùn Kìnnìún Oníwúrà fún iṣẹ́ gbogbo ìgbésí ayé rẹ̀.

Bí ilé bá ti tutù, ìṣirò sólà á wá rọrùn. Kọ̀ǹpútà alágbèéká oníwáàtì 60 fún wákàtí 8 jẹ́ wáàtì-wákàtí 480. Fáànù oníwáàtì 60 fún wákàtí 12 jẹ́ 720. Ráútà oníwáàtì 10 láti àárọ̀ dé àárọ̀ jẹ́ 240. Gílóòbù mẹ́fà oníwáàtì 8 fún wákàtí 5 jẹ́ 240. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,680, ìyẹn yúníìtì 1.7 lóòjọ́. Páńẹ́ẹ̀lì oníwáàtì 550 tó rí oòrùn gidi fún wákàtí 4 yóò mú nǹkan bí yúníìtì 1.6 wá lẹ́yìn ohun tó bá ṣòfò, nítorí náà ẹ gbé méjì sókè nítorí ìgbà òjò. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù 24V 100Ah gba bíi yúníìtì 2.4. Ẹ̀rọ amúlétutù kan ṣoṣo lè jẹ ju gbogbo èyí lọ lálẹ́ kan. Bí ẹ bá dé ọjà Alábà, iye yúníìtì tí bátìrì gbà ni kí ẹ béèrè. Ẹ má gba "ó máa gbé fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n."

Kì í ṣe iná nìkan ni òrùlé lè pèsè, omi náà wà lókè. Mìlímítà òjò kan lórí mítà onígun mẹ́rin kan jẹ́ lítà kan. Òjò Èkó ń kọjá mìlímítà 1,500 lọ́dún, nítorí náà òrùlé mítà onígun mẹ́rin 60 lè kó lítà 90,000. Bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún bá wọ tánkì, ó ti tó 72,000 fún aṣọ fífọ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ da òjò àkọ́rọ̀ nù, eruku ọyẹ́ ló ń fọ̀ kúrò.

Ẹni tó bá ti ra ilẹ̀, kó lọ dúró lórí rẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kó tó pe bíríkìlà, kó wo ibi tí oòrùn ti ń ta á lójú àti ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀. Kó padà síbẹ̀ nínú oṣù kẹfà lẹ́yìn òjò ńlá, kó wo ibi tí omi dúró sí. Ẹni tó ń háyà, kó wá yàrá igun tó ní fèrèsé méjì. Ẹ̀yin onílé, àwọn ọmọ yìí ń fi yàrá yín jẹun. Ẹ kun páànù yín ní funfun, kí ẹ sì rántí pé kí ògiri tó dé líńtẹ̀lì ni fèrèsé kejì rọrùn jù láti ṣí.