Mímọ Ẹ̀kọ́ Yàtọ̀ sí Mímọ̀ Ọ́n Kọ́ni: Ìdí Tí Olùkọ́ Yunifásítì Fi Gbọ́dọ̀ Kọ́ Ìlànà Ìkọ́ni

1. Ìfáàrà

Akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ tó ń gba ìwé-ẹ̀rí NCE kì í ṣàdédé bọ́ sínú kíláàsì. Yóò kọ́ nípa ìdàgbàsókè ọmọdé, yóò kọ́ bí a ṣe ń ṣètò ẹ̀kọ́ sílẹ̀ kí a tó kọ́ ọ, yóò sì lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò ní ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn olùkọ́ rẹ̀ yóò tẹ̀ lé e débẹ̀, wọn yóò jókòó sẹ́yìn kíláàsì, wọn yóò máa wo ohun tó ń ṣe. Bí ó bá parí ẹ̀kọ́ láìbi àwọn ọmọ ní ìbéèrè kankan, wọn yóò kọ ọ́ sílẹ̀, máàkì rẹ̀ yóò sì dín kù. Nígbà tí ẹni kan náà bá wọ yunifásítì láti kàwé sí i, ó ṣeé ṣe kí ó bọ́ sọ́wọ́ olùkọ́ tó ti gboyè ọ̀mọ̀wé nínú lítíréṣọ̀ tàbí ẹ̀dá-èdè, tí ìmọ̀ rẹ̀ jinlẹ̀ bí òkun, ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò jókòó sẹ́yìn kíláàsì rẹ̀ rí.

Èyí ni pé bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń gòkè sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀ ìkọ́ni tí à ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́ ọ ń dín kù. Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ ṣe rí bẹ́ẹ̀, ohun tó ń bà jẹ́, àti irú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó lè tún un ṣe. Kókó rẹ̀ ni pé iṣẹ́ tí ènìyàn ń kọ́ ni ìkọ́ni, àti pé ohun àkọ́kọ́ tí olùkọ́ yunifásítì gbọ́dọ̀ kọ́ ni láti mọ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ yé, yàtọ̀ sí ohun tí olùkọ́ sọ.

2. Bí Ọ̀rọ̀ Ṣe Dé Ibi Tó Dé

Nígbà tí Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1948, oyè Yunifásítì London ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń gbà, àṣà àwọn yunifásítì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà ni ó sì tẹ̀ lé. Nínú àṣà yìí, ẹni tó bá ti mọ iṣẹ́ dójú àmì ni wọ́n gbà pé ó lè kọ́ni. Lẹ́yìn tí ìgbìmọ̀ Ashby jábọ̀ ní 1960, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga fún àwọn olùkọ́ sílẹ̀ láti 1962, inú wọn ni ìwé-ẹ̀rí NCE sì ti jáde. Báyìí ni ọ̀nà ṣe pín sí méjì: ọ̀nà kan wà fún àwọn tí yóò kọ́ ọmọdé, wọ́n ń kọ́ ìlànà ìkọ́ni mọ́ ìmọ̀ iṣẹ́ wọn, ọ̀nà kejì wà fún àwọn tí yóò kọ́ àgbà, ìwádìí nìkan ni wọ́n ń kọ́.

Òfin Ìjọba Àpapọ̀ kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òfin 31 ti ọdún 1993 gbé àjọ TRCN kalẹ̀ láti máa fi orúkọ àwọn olùkọ́ sílẹ̀, kí ó sì máa pinnu ohun tí ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní olùkọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀. Àwọn olùkọ́ yunifásítì kan ti padà lọ gba ìwé-ẹ̀rí PGDE, wọ́n sì rí àǹfààní rẹ̀. Síbẹ̀, ohun tó máa ń gbé olùkọ́ yunifásítì láti ipò dé ipò ju ohunkóhun lọ ni àpilẹ̀kọ àti ìwé tó tẹ̀ jáde. Ibi tí èrè bá sì wà ni ẹsẹ̀ ń rìn sí. Olùkọ́ tó lo oṣù mẹ́fà láti tún ẹ̀kọ́ kan tò kí ó lè yé akẹ́kọ̀ọ́ kò ní ohun púpọ̀ tí yóò tọ́ka sí nígbà tí ìgbéga bá dé. Ẹni tó fi oṣù mẹ́fà náà kọ àpilẹ̀kọ méjì ní.

Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, Ernest Boyer gbé ìwé kan jáde ní 1990 lórí ohun tó yẹ kí a máa kà sí iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé. Ó pín in sí mẹ́rin: ṣíṣe àwárí ìmọ̀ tuntun, síso ìmọ̀ pọ̀ láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka, fífi ìmọ̀ ṣiṣẹ́ fún àwùjọ, àti kíkọ́ni. Àlàyé rẹ̀ ni pé yunifásítì tó ń wọn ìṣàwárí nìkan ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo gbẹ́rù.

3. Ìmọ̀ Tó Wà Láàárín Iṣẹ́ àti Ìkọ́ni

Àwọn kan máa ń rò pé bí olùkọ́ bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, tí ó sì mọ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ ketekete, ó ti parí. Lee Shulman fi hàn ní 1986 pé ìmọ̀ mìíràn wà láàárín méjèèjì: ìmọ̀ bí iṣẹ́ kan pàtó ṣe ń yé akẹ́kọ̀ọ́, ibi tó ti máa ń dojú rú mọ́ wọn lọ́wọ́, àti àpẹẹrẹ tó lè tú u.

Àkọtọ́ Yorùbá jẹ́ àpẹẹrẹ rere. Gbogbo olùkọ́ Yorùbá ló mọ̀ pé àkọtọ́ òde òní, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1974, ní kí á kọ 'nígbà tí' àti 'gẹ́gẹ́ bí' ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìmọ̀ iṣẹ́ ni èyí. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ń kọ wọ́n papọ̀, bí olùkọ́ tilẹ̀ fa igi pupa sí i lábẹ́ lọ́dọọdún. Olùkọ́ tó ní ìmọ̀ tí Shulman ń sọ yóò béèrè ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti rí i. Yóò rí i pé inú Bíbélì, ìwé orin àti àwọn ìwé àtijọ́ ni ojú rẹ̀ ti mọ́ àkọpọ̀ náà, àti pé kì í ṣe àìbìkítà ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Nígbà náà, dípò kí ó tún òfin kà fún un, yóò gbé ojú ewé ìwé àtijọ́ àti ti ìwé òde òní sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, yóò sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ka sí ìyàtọ̀.

4. Ohun Tí Olùkọ́ Físíìsì Kan Rí

Ìtàn Eric Mazur, olùkọ́ físíìsì ní Yunifásítì Harvard, wúlò fún olùkọ́ ẹ̀ka gbogbo. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 1984. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń yìn ín, wọ́n sì ń ṣe dáadáa nínú ìdánwò, nítorí náà ó gbà pé òun mọ̀ ọ́n kọ́. Ní 1990, ó ka iṣẹ́ ìwádìí tó sọ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó lè ṣe ìṣirò físíìsì kì í fi bẹ́ẹ̀ lóye ohun tí ìṣirò náà ń sọ. Kò gbà pé ó kan àwọn tirẹ̀. Ó fún wọn ní ìbéèrè kéékèèké tí kò ní ìṣirò nínú, tó dá lórí òye lásán, ọ̀pọ̀ wọn sì ṣubú. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tilẹ̀ bi í bóyá kí òun dáhùn gẹ́gẹ́ bí ó ṣe kọ́ wọn ni, tàbí gẹ́gẹ́ bí òun fúnra òun ṣe ń ro nǹkan wọ̀nyẹn. Ìbéèrè yẹn tú gbogbo àṣírí: ẹ̀kọ́ olùkọ́ wà lọ́tọ̀, ìgbàgbọ́ akẹ́kọ̀ọ́ wà lọ́tọ̀, àwọn méjèèjì kò sì pàdé.

Mazur yí ọwọ́ padà ní 1991. Ó ń ṣàlàyé fún ìgbà díẹ̀, ó ń gbé ìbéèrè kan kalẹ̀, olúkúlùkù ń yan ìdáhùn láìsọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ń yíjú sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti yí i lọ́kàn padà, wọ́n sì ń yan ìdáhùn lẹ́ẹ̀kejì. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé ṣì rántí ohun tó kọ́kọ́ dí i lójú. Olùkọ́ tó ti mọ̀ ọ́n láti ogún ọdún ti gbàgbé.

Ẹ̀rí tó ti tẹ̀ lé e kò kéré. Ní 2014, Scott Freeman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àkójọ ìwádìí 225 lórí ìkọ́ni sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ìṣirò ní yunifásítì. Níbi tí olùkọ́ nìkan ti ń sọ̀rọ̀, nǹkan bí akẹ́kọ̀ọ́ 34 nínú 100 ló ń fìdí rẹmi. Níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kópa, ó jẹ́ nǹkan bí 22. Ìyàtọ̀ méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún yẹn, ọmọ ènìyàn ni.

5. Bí Ó Ṣe Lè Rí ní Kíláàsì Yorùbá

Olùkọ́ gírámà máa ń kọ́ni pé ọ̀rọ̀-ìṣe onísílébù kan tó ní ohùn ìsàlẹ̀ ń yí sí ohùn àárín bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá jẹ́ àbọ̀ rẹ̀: 'Ó gbà', ṣùgbọ́n 'Ó gba owó'. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ ọ́ sílẹ̀, yóò há a sórí, yóò sì gba máàkì kíkún nínú ìdánwò tó bá béèrè òfin náà. Kí olùkọ́ wá kọ ìbéèrè yìí sójú pátákó: èwo ló tọ̀nà?

A. Ó gbà wa.
B. Ó gba wá.
D. Ó gbà wá.

Ẹni tó há òfin sórí lè mú B, nítorí ohun tó dúró lọ́kàn rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀-ìṣe tó bá ti ní àbọ̀ gbọ́dọ̀ yí ohùn padà. Bí ó bá yíjú sí ẹnìkejì rẹ̀, tí àwọn méjèèjì sì pe gbólóhùn náà jáde, etí wọn yóò sọ fún wọn pé D ni àwọn ń sọ nílé láti kékeré. Ìgbà yìí ni wọ́n tó máa rí i pé àbọ̀ nìkan kọ́ ni òfin ń sọ, àbọ̀ tó jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ ni. Ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ bíi 'wa' ń fi ohùn ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe sílẹ̀ bó ṣe wà, òun fúnra rẹ̀ sì ń gba ohùn òkè. Kí olùkọ́ tún bi wọ́n ní ti 'Ó rí wa', kí wọ́n sọ ìdí tí 'wa' kò fi gba ohùn òkè níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ ti kúrò ní àkọ́sórí nìyẹn.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ ni ohun tí olùkọ́ kọ́. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó mọ iye ènìyàn tó mú B, ó sì mọ ìdí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ó kan sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì ni, kò ní mọ̀ títí ìwé ìdánwò yóò fi dé ọwọ́ rẹ̀, nígbà tí ẹ̀pa kò ní bóró mọ́.

6. Irú Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Tó Ń So Èso

Ṣé a lè kọ́ olùkọ́ àgbà ní nǹkan báyìí? Graham Gibbs àti Martin Coffey gbé èsì ìwádìí wọn jáde ní 2004, lórí yunifásítì 22 ní orílẹ̀-èdè 8. Àwọn olùkọ́ tó gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó wà láàárín oṣù 4 sí 18 bẹ̀rẹ̀ sí í fi akẹ́kọ̀ọ́ ṣe àfojúsùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn sì rí ìyàtọ̀. Àwọn tí kò gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kò yí padà, tàbí kí wọ́n tilẹ̀ máa padà sẹ́yìn. Iye oṣù yẹn yẹ ní àkíyèsí. Ìpàdé ọlọ́jọ́ kan tí a ti ń gba báàgì àti ìwé-ẹ̀rí ìkópa kò lè ṣe iṣẹ́ yìí.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìgbìmọ̀ tí Ron Dearing ṣe alága rẹ̀ dámọ̀ràn ní 1997 pé kí àjọ kan wà fún ìkọ́ni ní yunifásítì. Ìlànà ìwọ̀n iṣẹ́ olùkọ́ yunifásítì jáde ní 2006, wọ́n sì tún un ṣe ní 2011 àti 2023. Nọ́wè ní tirẹ̀ sọ ọ́ di dandan láti 2019 pé kí olùkọ́ yunifásítì ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìkọ́ni tó tó wákàtí 200 ó kéré tán.

Ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ tí kò ní owó irú ìyẹn lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun mẹ́ta. Èkíní, kí olùkọ́ méjì máa wo kíláàsì ara wọn lẹ́ẹ̀mejì ní sáà, láìsí máàkì, láìsí ìjábọ̀ fún olórí ẹ̀ka. Kí wọ́n jókòó lẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n sọ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe nígbà tí olùkọ́ ń sọ̀rọ̀. Èkejì, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ gbólóhùn kan sílẹ̀ kí wọ́n tó jáde: kí ni kò yé mi lónìí? Ẹ̀kẹta, kí ẹ̀ka máa tọ́jú àwọn ìbéèrè bíi ti 'Ó gbà wá' sínú ìwé kan, kí olùkọ́ tuntun lè bá ọgbọ́n àwọn aṣáájú nílẹ̀.

7. Àwọn Àtakò

Àwọn olùkọ́ máa ń sọ pé kíláàsì ti pọ̀ jù, pé iná kò sí, pé owó oṣù kò tó. Òótọ́ ni wọ́n sọ, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ ìlànà ìkọ́ni bo àìṣedéédéé àwọn aláṣẹ mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n páálí mẹ́ta tí a kọ A, B, D sí kò béèrè iná, akẹ́kọ̀ọ́ 300 sì lè nà án sókè bí akẹ́kọ̀ọ́ 30 ṣe lè nà án. Àwọn mìíràn ní àlàyé náà kò ní parí. Lóòótọ́, olùkọ́ yóò sọ díẹ̀. Ohun tó yẹ ní wíwọ̀n ni èyí tó kù lọ́kàn akẹ́kọ̀ọ́.

Àtakò tó le jù ni ti iyì. Ó ṣòro fún ọ̀jọ̀gbọ́n láti gbà kí ẹlòmíràn wá wo kíláàsì rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ ọmọ ogún ọdún ń gbà á lọ́dọọdún, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lórí ṣọ́ọ̀kì.

8. Àgbálọgbábọ̀

Olùkọ́ máa ń kọ́ni bí wọ́n ṣe kọ́ òun. Ẹni tí wọ́n fi ọdún mẹ́rin pe nóòtì fún ní yunifásítì yóò pe nóòtì fún àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, yálà ó ka ìwé ìlànà ìkọ́ni tàbí kò kà á. Nítorí náà, kíláàsì olùkọ́ yunifásítì kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ó ń dé abúlé tí òun fúnra rẹ̀ kò lè dé láéláé. Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Olùkọ́ tí a kò kọ́ ní ìkọ́ni náà lè gbé ìmọ̀ tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ sọnù sójú pátákó, láìsí ẹni tí yóò bá a ṣà á. Ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ tó bá ṣí ilẹ̀kùn kíláàsì rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlẹgbẹ́ láti wọlé ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe náà.