Bí Ilé-Ẹ̀kọ́ Ṣe Sọ Bọ́ọ̀lù di Eré Ọmọ Nàìjíríà

Kí òyìnbó tó dé ni àwọn Yorùbá ti ní eré ìdárayá tiwọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin a máa ja ìjàkadì, ọmọdé a máa ta òkòtó, àgbà a sì máa ta ayò lábẹ́ igi. Nínú ìjàkadì àti ayò, ẹnì kan ni ó ń dojú kọ ẹnì kan. Ìlànà mìíràn ni bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá mú wá: ènìyàn mọ́kànlá níhìn-ín, mọ́kànlá lọ́hùn-ún, òfin kan náà fún gbogbo wọn, àti adájọ́ kan tí ó ń fọn fèrè. Ilé-ẹ̀kọ́ ni irú ìlànà bẹ́ẹ̀ ti tètè fìdí múlẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń gbé pọ̀ lábẹ́ agogo àti lábẹ́ ojú olùkọ́.

Ìdíje tí àwọn òpìtàn máa ń tọ́ka sí jù lọ wáyé ní Kàlàbá ní oṣù kẹfà ọdún 1904. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Hope Waddell, èyí tí àwọn míṣọ́nnárì Presbyterian láti Scotland dá sílẹ̀ ní 1895, ni ó bá àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, HMS Thistle, gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ borí pẹ̀lú góòlù mẹ́ta sí méjì.

Ó yẹ kí a kíyèsí àkókò tí èyí ṣẹlẹ̀. Ní 1902 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ogun tí ó gbé ja àwọn Arò, ọkọ̀ ogun sì ni ọ̀kan nínú ohun tí agbára wọn dúró lé ní etíkun. Góòlù mẹ́ta kò lè lé wọn lọ. Ṣùgbọ́n lórí pápá, ìbọn ọkọ̀ kò wúlò. Àwọn ọmọ náà rí i pé ẹni tí ó gbé òfin kalẹ̀ pàápàá lè fìdí rẹmi lábẹ́ òfin ara rẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Nígbà tí ìjọba da Èkó pọ̀ mọ́ Gúúsù Nàìjíríà ní 1906, olú-ìlú kúrò ní Kàlàbá bọ́ sí Èkó. Òyìnbó kan, Frederick Mulford, tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Bàbá Èkó, ṣe akitiyan láti ṣètò ìdíje níbẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ kò sì wọ́n: CMS Grammar School ti wà láti 1859, Methodist Boys' High School láti 1878, King's College sì ṣí ní 1909. Àwọn tí ó jáde níbẹ̀ di akọ̀wé àti olùkọ́, wọ́n sì gbé eré náà lọ sí ibi iṣẹ́ wọn.

Nnamdi Azikiwe, tí ó kàwé ní Hope Waddell àti ní Methodist Boys' High School, dá Zik's Athletic Club sílẹ̀ ní Èkó ní 1938. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ rin ìrìn-àjò káàkiri orílẹ̀-èdè. Ọ̀rọ̀ òṣèlú a sì máa bá bọ́ọ̀lù rìn. Ní 1949, ẹgbẹ́ Nàìjíríà lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò wọ bàtà, síbẹ̀ wọ́n na ẹgbẹ́ Marine ní Crosby pẹ̀lú góòlù márùn-ún sí méjì.

Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí jẹ́ fún olùkọ́. Pápá ilé-ẹ̀kọ́ kì í ṣe ilẹ̀ tí ó ṣófo. Iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní òrùlé ni. Ní agbègbè bí Ayọ̀bọ̀ àti Ìpájà, níbi tí ilé ti gba ilẹ̀ tí ó jẹ́ oko tẹ́lẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá ta pápá rẹ̀, tàbí tí ó kọ́ ilé lé e tán, ti ta apá kan nínú ẹ̀kọ́ náà. Ọmọ lè ka ìtumọ̀ àjùmọ̀ṣe nínú ìwé, ṣùgbọ́n ibi tí yóò ti ní láti gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún ẹlòmíràn ni yóò ti mọ̀ ọ́n.