Kí ló dé tí curl yín kò gbọ́ https? Bá a ṣe ń fúnra wa kọ́mpáìlì libcurl pẹ̀lú OpenSSL

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lọ́dọ̀ mi máa ń fi ìlà kan báyìí hàn mí:

curl: (1) Protocol "https" not supported

Ohun tó ń sọ ni pé curl tó wà lórí ẹ̀rọ yẹn kò mọ bí wọ́n ṣe ń bá sáfà sọ̀rọ̀ ní bòókẹ́lẹ́. Kì í ṣe pé ó bàjẹ́ o. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn: ẹni tó kọ́mpáìlì rẹ̀ kò fi ohun tó ń sọ ọ̀rọ̀ di àdììtú sí i. Curl tí Ubuntu fúnra rẹ̀ ń kó wá ní https nínú. Èyí tí ẹnì kan fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ló sábà máa ń ní àrùn yìí. Àmọ́ ọjọ́ ń bọ̀ tẹ́ ẹ máa nílò ẹ̀dà tó tuntun ju ti Ubuntu lọ. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká jọ wo bá a ṣe ń kọ́ ọ kó pé.

Kí ni libcurl, kí sì ni OpenSSL?

Daniel Stenberg, ọmọ orílẹ̀-èdè Sweden, ló gbé curl jáde ní orúkọ yẹn lọ́dún 1998. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó lọ gbé nǹkan wá látorí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí kó gbé nǹkan lọ síbẹ̀. Nígbà tó di 2000, wọ́n yọ ọkàn iṣẹ́ náà sọ́tọ̀, wọ́n pè é ní libcurl, kí prógíráàmù mìíràn lè máa yá a lò. Irú ẹ̀ là ń pè ní library. Ẹ má rò ó sí ilé ìkàwé o: iṣẹ́ tí ẹnì kan ti ṣe parí ni, tí ẹlòmíràn kàn ń pè lò, kó má bàa bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀.

Àmọ́ libcurl fúnra rẹ̀ kì í sọ ọ̀rọ̀ https di àdììtú. Ó ń bẹ library mìíràn lọ́wẹ̀ ni. OpenSSL ni a máa lò lónìí. GnuTLS, wolfSSL àti mbedTLS náà wà.

Tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ táwọn èèyàn ń fọ ẹnà rí, ẹ ti mọ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn méjì tó mọ̀ ọ́n gbọ́ ara wọn yé. Ẹni tó dúró tì wọ́n kàn ń gbọ́ ariwo lásán ni. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé tí ẹlòmíràn bá ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọ ẹnà yẹn, àṣírí tú nìyẹn. Ti OpenSSL kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ayé ló lè ka bó ṣe ń ṣe é. Kọ́kọ́rọ́ tí kọ̀ǹpútà yín àti sáfà jọ ṣe fún ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ọjọ́ yẹn ni àṣírí.

Ṣé http lásán kò tó ni?

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń kọ prógíráàmù fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan, tí yóò máa fi àkọsílẹ̀ owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ránṣẹ́ sí sáfà wọn ní alaalẹ́. Nígbà tí https kọ̀, ó ní, "Ọ̀gá, tí mo bá yọ 's' yẹn kúrò, ó ń lọ wéré."

Mo ní kó má dán an wò. Lóòótọ́ ó ń lọ, àmọ́ ìhòòhò ló ń lọ. Orúkọ, nọ́ńbà fóònù, iye tí oníkálùkù fi pamọ́ àti ọ̀rọ̀ aṣínà ẹgbẹ́ náà, gbogbo ẹ̀ ni ẹni tó bá wà lójú ọ̀nà lè kà, ì báà jẹ́ ẹni tí wọ́n jọ ń lo Wi-Fi kan náà. Ó tiẹ̀ lè sọ 50,000 di 5,000 kó tó débẹ̀, sáfà kò sì ní fura. Owó ìyá arúgbó wà níbẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kó èlò jọ

sudo apt install build-essential pkg-config libssl-dev libpsl-dev zlib1g-dev

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ ni libssl-dev. Wọ́n á ní, "OpenSSL ṣáà ti wà lórí ẹ̀rọ mi tẹ́lẹ̀." Ó wà lóòótọ́, àmọ́ èyí tó wà yẹn, ti prógíráàmù tí wọ́n ti kọ́ tán ni. Ẹni tó fẹ́ jẹ ọbẹ̀ àti ẹni tó fẹ́ sè é, ohun tí wọ́n nílò yàtọ̀. Àwọn fáìlì tí kọ́mpáílà máa kà kó tó lè so libcurl mọ́ OpenSSL, inú "-dev" ni wọ́n wà.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí curl.se, ẹ gba kóòdù náà sílẹ̀. Ìbuwọ́lù ẹni tó gbé e jáde wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ẹ fi gpg yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ jẹ́ kí télọ̀ wọn yín

tar xf curl-*.tar.xz
cd curl-*/
./configure --prefix=$HOME/curl-tuntun --with-openssl
make
make install

Ẹ wò ó bí iṣẹ́ télọ̀. Configure ni téèpù: ó ń wọn ẹ̀rọ yín, ó ń wo ohun tó wà àti ohun tí kò sí. Make ló ń rán aṣọ. Make install ló ń gbé e wá sílé.

Tẹ́ ẹ ò bá sọ fún télọ̀ pé ẹ fẹ́ àpò, ó lè rán ṣòkòtò láìní àpò. Á wọ̀ yín dáadáa, àfìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ ki owó bọ̀ ọ́. Bí configure ṣe ń ṣe láyé àtijọ́ nìyẹn: tí kò bá rí OpenSSL, á kìlọ̀ díẹ̀, á sì máa bá iṣẹ́ lọ. Láti ẹ̀dà 7.77.0, lọ́dún 2021, ó ti yí padà. Tẹ́ ẹ ò bá kọ --with-openssl tàbí irú ẹ̀, á dúró, á ní kẹ́ ẹ yan ọ̀kan, tàbí kẹ́ ẹ fẹnu ara yín sọ pé ẹ ò fẹ́.

Ìdí tí mo fi darí rẹ̀ sí fódà tiyín ni pé àwọn prógíráàmù Ubuntu gbára lé libcurl ti Ubuntu. Ẹ má gorí ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ yẹ̀ ẹ́ wò

$HOME/curl-tuntun/bin/curl --version

Ẹ wá https lórí ìlà Protocols, kẹ́ ẹ sì wá SSL lórí ìlà Features. Ìlà àkọ́kọ́ máa sọ nọ́ńbà curl àti ti libcurl. Tí méjèèjì bá yàtọ̀ síra, a jẹ́ pé curl tuntun ló ń lo libcurl àtijọ́ tó wà lórí ẹ̀rọ.

Tó bá gbọ́ https tán, tó wá ń ké error 60, ó túmọ̀ sí pé kò rí ohun tó lè fi dá sáfà mọ̀. Lórí Ubuntu, /etc/ssl/certs/ca-certificates.crt ni ìwé ẹ̀rí àwọn tí a gbà gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí máa ń wà. Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ kàn fi -k sí i, á sì dákẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. -k ń sọ pé kí curl má bi sáfà ní orúkọ rẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ yín á ṣì jẹ́ àdììtú, àmọ́ ó lè jẹ́ olè lẹ̀ ń bá fọ ẹnà yẹn.

Ẹni tó kọ́ ọ ló ń ṣọ́ ọ

Ní April 7, 2014, ayé gbọ́ nípa Heartbleed. OpenSSL 1.0.1 títí dé 1.0.1f kì í yẹ̀ ẹ́ wò bóyá gígùn ọ̀rọ̀ tí ẹni tó wà ní ìkejì sọ pé òun fi ránṣẹ́ jẹ́ òótọ́. Ẹni tó bá parọ́ gígùn lè gba nǹkan bíi kílóbáìtì 64 nínú iyè ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀kan, ọ̀rọ̀ aṣínà àti kọ́kọ́rọ́ àṣírí sì lè wà níbẹ̀. Ẹ̀dà 1.0.1g ló tún un ṣe.

Bá a ṣe kọ́ tiwa yìí, OpenSSL inú Ubuntu ló ń yá lò, nítorí náà apt upgrade máa tún apá yẹn ṣe fún yín. Ṣùgbọ́n apt kò mọ̀ pé libcurl inú fódà yín wà. Curl máa ń gbé ẹ̀dà tuntun jáde ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ mẹ́jọ. Ẹ máa yọjú síbẹ̀, kẹ́ ẹ ka ohun tí wọ́n tún ṣe. Tó bá kan ààbò, ẹ tún tiyín kọ́ lọ́jọ́ náà. Tí ẹ bá mọ̀ pé ẹ ò ní ráyè ṣe ìyẹn, ti Ubuntu ni kẹ́ ẹ lò.