Èéfín Kò Ṣe É Fi Aṣọ Bò

Nọ́ọ̀sì náà wo ìyàwó mi lójú, ó bi í pé: “Ìyá ọmọ, ta ló ń mu sìgá nínú ilé yín?”

Ọdún 1996 ni, ní ìlú Ìbàdàn. Àkọ́bí wa, tí kò tíì pé ọmọ ọdún méjì, wà lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀. Ikọ́ fée gbé e, àyà rẹ̀ ń dún bí fèrè. Ìyàwó mi dáhùn pé: “Kò sí o, Mà. Ọkọ mi nìyí, olùkọ́ Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì wa.” Mo dúró níbẹ̀, n kò sọ̀rọ̀. Ìdajì páálí sìgá wà nínú àpò ṣòkòtò mi, mo sì fi ọwọ́ bò ó.

Ẹ̀yin olùkàwé mi ọ̀wọ́n nínú Olúwa, ó ti lé ní ọdún 25 tí mo ti fi sìgá sílẹ̀, síbẹ̀ ìdákẹ́jẹ́ ọjọ́ náà ṣì ń dùn mí ju gbogbo ẹyọ tí mo fà lọ. Mo ń jẹ́rìí yìí nítorí àwọn tó wà láàrin wa, tí wọ́n ń fi ọwọ́ bo àpò tiwọn náà.

BÍ MO ṢE BẸ̀RẸ̀

Kò sí ẹni tó fi sìgá lọ̀ mí. Rírán ni wọ́n rán mi. Ọmọ ọdún 16 ni mí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì. Bí ọwọ́ ọ̀gá mi bá kún fún ọ́ìlì, yóò ní: “Ìwọ ọmọ yìí, lọ ra ẹyọ kan wá, kí o sì bá mi tàn án.” Ẹ mọ̀ pé iná kì í ràn mọ́ sìgá dáadáa bí a kò bá fà á. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ikọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sì fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Nígbà tí yóò fi tó oṣù mẹ́ta, èmi ni mò ń retí kí ọ̀gá rán mi. Kí n tó ṣe fíríìdọ̀mù, mo ti ń mu tó ẹyọ 10 lójúmọ́.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́-ọwọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe rán ọmọ ní sìgá.

Ẹ̀RÍ TÍ MO SÁRÉ JẸ́

Ní ọdún 1992, mo jáde síwájú pẹpẹ níbi ìsọjí kan. Mo gbé páálí sìgá mi kalẹ̀, mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ìjọ sì hó ìhó ayọ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, wọ́n fún mi ní gbohùngbohùn. Mo jẹ́rìí pé òórùn sìgá pàápàá ń rí mi lára. Òtítọ́ ni mo sọ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹsàn-án, ọkọ̀ tí mò ń tún ṣe kọ̀, kò ṣiṣẹ́, oníbàárà ń pariwo lé mi lórí, nígbà tí mo máa mọ̀, mo ti wà nídìí àtẹ ìyá tó ń ta sìgá.

Ta ni n ó sọ fún? Gbogbo ìjọ ti pàtẹ́wọ́. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fara pamọ́ nìyẹn. Mò ń jẹ orógbó, mò ń fi èèpo ọsàn ra ọwọ́, mò ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀méjì kí n tó lọ sí ìpàdé àdúrà. Bí pásítọ̀ bá ní kí àwọn tó wà nínú ìdè jáde wá, ẹsẹ̀ mi kì í gbé, nítorí wọ́n ti kà mí mọ́ àwọn tó ti gba ìdáǹdè. Ọdún mẹ́rin ni mo fi wà bẹ́ẹ̀. Àwọn baba wa ní èéfín ni ìwà, rírú ní í rú. Èmi rò pé mo lè fi aṣọ bo tèmi.

LỌ́DỌ̀ BABA AWAKỌ̀

Nígbà tí wọ́n tọ́jú ọmọ tán, tí a padà délé, mo lọ bá díákónì àgbà kan nínú ìjọ wa, tó ti fi ìgbà kan rí wa ọkọ̀ akẹ́rù. Mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Mo ń retí ìbáwí.

Ó ní: “Dìde, ọmọ mi. Èmi náà mu tábà rí. Ṣé ìyàwó rẹ mọ̀?”

Mo ní: “Rárá, Bàbá.”

Ó ní: “Lọ sọ fún un lálẹ́ yìí. Bí ilẹ̀ bá mọ́, kí o padà wá kí a gbàdúrà.”

Mo délé, mo sọ ọ́. Ìyàwó mi dákẹ́ títí, ó wá ní: “Bàbá wọn, ṣé ẹ rò pé imú mi dí ni? Ta ló ń fọ aṣọ yín? Ìtìjú yín ni mo bò níwájú nọ́ọ̀sì.”

Ojú tì mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Mo rò pé èmi nìkan ni mò ń purọ́, láìmọ̀ pé mo ti sọ ìyàwó mi di onírọ́ pẹ̀lú, lórí àìsàn ọmọ wa.

Bàbá gbàdúrà fún mi, ó sì fún mi ní iṣẹ́ ṣe. Ó ní kí n má ṣe gba ọ̀nà àtẹ náà kọjá mọ́. Ó ní kí owó kékeré má ṣe wà lápò mi. Ó ní bí òòfà rẹ̀ bá dé, kí n mu omi, kí n rìn díẹ̀, nítorí kì í pẹ́ ju ìṣẹ́jú bíi mélòó kan lọ bí a kò bá dá a lóhùn. Èyí tó le jù ni pé kí n máa wá bá òun ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, kí n sọ òtítọ́, ì báà dára, ì báà burú.

Ọjọ́ kejì àti ìkẹta le púpọ̀. Orí ń fọ́ mi, oorun kò wá, mo sì ń jágbe mọ́ àwọn ọmọ-iṣẹ́ mi lórí ohun tí kò tó nǹkan. Ní ọjọ́ kọkànlá, mo ṣubú, mo mu ẹyọ kan. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má lọ sílé Bàbá. Nígbà tí mo lọ, ó bi mí pé: “Bí táyà bá fọ́ mọ́ ẹni tó ń lọ sí Ifẹ̀ lẹ́sẹ̀ ní Ìkirè, ṣé Ìbàdàn ni yóò padà sí? Kò ha ní pààrọ̀ táyà, kí ó sì máa lọ?” Mo tún ṣubú lẹ́ẹ̀kan sí i kí ọdún náà tó parí. Láti ìgbà náà, n kò fi sẹ́nu mọ́. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

OHUN TÓ Ń ṢẸLẸ̀ NÍNÚ ARA

Lẹ́yìn náà ni mo wá mọ ìdí tí ogun náà fi le. Oògùn kan wà nínú tábà tí a ń pè ní níkótíìnì. Láàrin ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí ènìyàn bá fa sìgá, ó ti dé ọpọlọ, ibẹ̀ ni ó sì ti ń sọ ènìyàn di ẹrú. Bí a bá dáwọ́ dúró, ara yóò máa bèèrè rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ló sábà máa ń le jù, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan yóò máa rọ̀. Nítorí náà, bí arákùnrin kan bá ń gbọ̀n, tí ó sì ń bínú, ẹ má ṣe sáré sọ pé kò nígbàgbọ́.

Èéfín sìgá ní ju oríṣi kẹ́míkà 7,000 lọ, nǹkan bí 70 nínú wọn sì ń fa àrùn jẹjẹrẹ. Afẹ́fẹ́ olóró tó ń jáde láti ara jẹnẹrétọ̀ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ọmọdé tó ń fa èéfín yìí símú máa ń ní ikọ́ fée àti àrùn ẹ̀dọ̀fóró ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ìròyìn ayọ̀ wà. Bí ẹni tó ń mu sìgá bá fi í sílẹ̀ fún ọdún kan, ewu àrùn ọkàn tó wà lórí rẹ̀ yóò dín kù sí nǹkan bí ìdajì ti ẹni tó ṣì ń mu ún. Lẹ́yìn ọdún 10 sí 15, ewu jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró náà yóò dín kù sí nǹkan bí ìdajì. Lónìí, oògùn wà tí dókítà lè fún ènìyàn láti mú kí òòfà náà rọ̀. Gbígba irú oògùn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àìnígbàgbọ́.

Ọ̀RỌ̀ MI FÚN ÌJỌ

Ẹ̀yin òjíṣẹ́ Ọlọ́run ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí a máa ní sùúrù kí a tó gbé gbohùngbohùn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ju sìgá nù. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fún un ní ẹnì kan tí yóò máa bẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá ṣubú, kí ó mọ ilé tí yóò sá lọ. Ẹ ka Òwe 28:13 àti Jákọ́bù 5:16, kí ẹ sì ronú sí i bóyá a ní irú ilé bẹ́ẹ̀ nínú ìjọ wa.

Ẹ̀yin tó ń ta sìgá, òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2015 kà á léèwọ̀ láti tà á fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, bẹ́ẹ̀ náà ni kí a máa tà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni èmi fi bẹ̀rẹ̀.

Ìwọ tí o ń fi ọwọ́ bo àpò rẹ bí o ti ń ka ìwé yìí, mo mọ̀ ọ́, nítorí mo ti dúró níbi tí o dúró sí. Má ṣe dúró de ìsọjí mìíràn. Wá ẹnì kan tó bẹ̀rù Ọlọ́run, tí ẹnu rẹ̀ sì mọ́, kí o sọ fún un kí oòrùn òní tó wọ̀. Ìyàwó rẹ lè ti mọ̀ tipẹ́.

Ọmọ tí àyà rẹ̀ ń dún lọ́jọ́ náà ti di bàbá ọmọ báyìí. Bí mo bá gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà mi, òórùn ọṣẹ nìkan ló ń gbọ́ lára aṣọ mi. Kí Olúwa ṣe irú rẹ̀ nínú ilé tìrẹ náà. Àmín.