Àṣẹ Ta ni Púlọ́ọ̀gì Ń Gbọ́? Ètò Ìdarí Gbangba àti Iná Ọba ní Abúlé Ẹ̀gbá

Ìfáàrà

Smart plug ni orúkọ tí àwọn ọlọ́jà ń pe púlọ́ọ̀gì kékeré kan tí à ń fi bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri, tí a ó sì wá ki wáyà fáànù, fíríìjì tàbí áyọ́ọ̀nù bọ inú tirẹ̀. Ohun tó fi yàtọ̀ sí púlọ́ọ̀gì lásán ni pé kọ̀ǹpútà kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí ń lo Wi-Fi, tó fi jẹ́ pé ènìyàn lè jókòó kí ó fi fóònù tan ohun tó wà lára rẹ̀ tàbí kí ó pa á. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ yànnàná ni ohun tí ń darí kọ̀ǹpútà kékeré náà, bí a ṣe lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, àti ìdí tí ọ̀ràn náà fi kan ẹni tí ń gbé ní Abúlé Ẹ̀gbá ju bó ṣe kan ẹni tí ń gbé ní ìlú tí iná kì í ti í lọ.

Ètò ìdarí ni a ó máa pe ohun náà. Firmware ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè é. Ó jẹ́ àkójọ àṣẹ tí ilé-iṣẹ́ kọ sínú ẹ̀rọ kí ẹ̀rọ tó kúrò lọ́wọ́ wọn. Ètò ìdarí gbangba sì ni irú èyí tí àwọn tó kọ ọ́ gbé síta kí ẹnikẹ́ni lè kà á, kí ó tún un ṣe bó bá ṣe wù ú, kí ó sì fún ẹlòmíràn lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọ̀nà tí àṣẹ ń gbà

Ẹni tó wà ní pálọ̀ tó tẹ fóònù rẹ̀ kí fáànù iyàrá lè dúró yóò rò pé láti pálọ̀ sí iyàrá ni àṣẹ náà gbà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní ti ọ̀pọ̀lọpọ̀ púlọ́ọ̀gì tí kò wọ́n, àṣẹ náà yóò kọ́kọ́ jáde nílé, yóò gba orí òpó ìbánisọ̀rọ̀ lọ, yóò sọdá òkun dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ kan nílẹ̀ òkèèrè, ibẹ̀ ni yóò sì ti padà wá sí iyàrá. Tuya, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Hangzhou lórílẹ̀-èdè Ṣáínà ní 2014, ló ń pèsè ètò yìí fún ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣe púlọ́ọ̀gì. Ìdí nìyẹn tí orúkọ ara páálí fi lè yàtọ̀ síra, síbẹ̀ tí áàpù kan náà ń darí gbogbo wọn.

Ìrìn àjò náà máa ń yá tó bẹ́ẹ̀ tí a kì í fura. Ọjọ́ tí ọ̀nà bá dí ni a ń mọ̀. Ní ọjọ́ 14 Oṣù Kẹta 2024, okùn abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì kú tàbí kí ó máa wọ́ ní Nàìjíríà àti ní àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àmọ́ kò pọn dandan kí okùn abẹ́ òkun bàjẹ́. Kí dátà tán lásán ti tó.

Bí ètò ìdarí gbangba bá wà nínú púlọ́ọ̀gì, inú ilé ni àṣẹ ń mọ: láti ara fóònù sí ráútà, láti ara ráútà sí púlọ́ọ̀gì. Ráútà tí dátà rẹ̀ ti tán ṣì lè jẹ́ iṣẹ́ láti iyàrá kan dé èkejì. Ohun kan wà tí àwọn ìwé ìtọ́sọ́nà tí wọ́n kọ lókè òkun kì í ka sí: ọ̀pọ̀ ilé lọ́dọ̀ wa ni kò ní ráútà, Wi-Fi ara fóònù ni wọ́n ń lò. Bí onífóònù bá jáde lọ sí Ìkẹjà, Wi-Fi ilé ti bá a lọ nìyẹn. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí yóò kọ́kọ́ ní ráútà kékeré kan tí kì í kúrò nílé, yóò sì dára bí ó bá lè so ó mọ́ ínfátà tàbí bátìrì. Kí ó sì mọ̀ pé láti ìta, kò ní lè pàṣẹ fún púlọ́ọ̀gì náà mọ́ àfi bí ó bá ṣe ètò mìíràn. Lójú tèmi, àdánù yẹn kéré.

Ètò gbangba méjì ló gbajúmọ̀ jù. Ará Netherlands kan, Theo Arends, bẹ̀rẹ̀ Tasmota ní 2016 fún àwọn ẹ̀rọ Sonoff. Orúkọ rẹ̀, orúkọ Sonoff àti ti ọ̀nà tí àṣẹ ń gbà ni ó gé pọ̀ di Tasmota. Otto Winter bẹ̀rẹ̀ ESPHome ní 2018. Méjèèjì ń ṣiṣẹ́ lórí ESP8266, ṣíìpù olówó pọ́ọ́kú tí Espressif ti Shanghai ṣe. Tasmota ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ níhìn-ín, torí pé ojúewé tirẹ̀ wà nínú púlọ́ọ̀gì fúnra rẹ̀, a sì lè tún gbogbo nǹkan ṣe láti ibẹ̀.

Pípààrọ̀ rẹ̀

Ṣíìpù ni ìṣòro àkọ́kọ́. Ní Oṣù Kejìlá 2018, níbi ìpàdé kan ní Leipzig ní Jámánì, Michael Steigerwald fi han gbogbo ayé bí a ṣe lè gba orí Wi-Fi pààrọ̀ ètò inú àwọn púlọ́ọ̀gì Tuya láìtú wọn. Láìpẹ́, ilé-iṣẹ́ náà dí ihò yẹn. Lẹ́yìn náà ni ọ̀pọ̀ púlọ́ọ̀gì tún kúrò lórí ESP8266 bọ́ sórí ṣíìpù Beken, èyí tí Tasmota kò lè ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé OpenBeken àti ESPHome lè ṣe é. Páálí kì í sọ irú ṣíìpù tó wà nínú ọjà. Ohun tó dára ni kí ènìyàn ti mọ orúkọ àti nọ́ńbà púlọ́ọ̀gì tó fẹ́ kí ó tó lọ sọ́jà. Sonoff S26 onírin mẹ́ta, irú tí ń wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wa, jẹ́ ọ̀kan tí a mọ̀ dáadáa.

A ó tú u. Kí a tó fọwọ́ kan inú rẹ̀, a ó yọ ọ́ kúrò lára ògiri, a kò sì gbọ́dọ̀ dá a padà síbẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí wáyà kọ̀ǹpútà bá ṣì wà lára rẹ̀. Nínú irú ẹ̀rọ báyìí, kò sí ohun tó pààlà láàárín fóòtì 230 ti iná ọba àti ibi tí ọwọ́ wa wà; ó lè pa ènìyàn, ó sì lè jó kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ kékeré tí ń so USB pọ̀ mọ́ ṣíìpù ni yóò fún un ní iná, fóòtì 3.3 péré, kì í ṣe 5. Wáyà mẹ́rin ni a ó fi so ó: ti iná, ti ilẹ̀, ti ìsọ̀rọ̀ àti ti ìgbọ́rọ̀. Ẹnu ọ̀kan kọjú sí etí èkejì ni, nítorí náà TX lọ sára RX, RX lọ sára TX. Bí a bá di bọ́tìnì S26 mú nígbà tí iná USB ń wọlé, ṣíìpù yóò dúró de ètò tuntun. A ó kọ́kọ́ da ètò ilé-iṣẹ́ kọ sórí kọ̀ǹpútà wa, bóyá a ó fẹ́ dá a padà lọ́jọ́ kan, kí a tó fi Tasmota sí i láti inú Chrome. Ìyókù kò le. Púlọ́ọ̀gì yóò gbé Wi-Fi tirẹ̀ jáde, a ó bá a níbẹ̀ ní 192.168.4.1, a ó fún un ní orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà Wi-Fi ilé, a ó sì fi ọ̀rọ̀ aṣínà ti ojúewé rẹ̀ náà sí i kí aládùúgbò má baà máa bá wa pa fáànù.

Iná tí ń lọ tí ń bọ̀

Abẹ́ Ikeja Electric ni Abúlé Ẹ̀gbá wà, ọ̀kan lára àwọn ilé-iṣẹ́ 11 tó gba pípín iná lọ́wọ́ ìjọba ní ọjọ́ 1 Oṣù Kọkànlá 2013, àmọ́ NẸ́PÀ náà ni gbogbo wa ṣì ń pè é. Ẹni tó bá ń gbé ní ẹ̀gbẹ́ títì Èkó sí Abẹ́òkúta yìí mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni kí iná lọ, ọ̀tọ̀ ni kí ó máa tàn kí ó máa kú bí ẹni ń ṣẹ́jú. Ibí yìí ni iṣẹ́ gidi ti bẹ̀rẹ̀, torí pé ìlú tí iná ti ń dúró ni wọ́n ti kọ Tasmota.

Àwọn tó kọ ọ́ rò ó pé ènìyàn lè gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀. Wọ́n wá ṣe é pé bí a bá pa á tí a sì tàn án nígbà méje léraléra, tí àárín ìgbà kan sí èkejì kò tó ìṣẹ́jú-àáyá 10, yóò nu gbogbo ohun tí a kọ sínú rẹ̀ nù, títí kan Wi-Fi ilé. Fún wọn, ọwọ́ ènìyàn nìkan ló lè ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, NẸ́PÀ lè ṣe é ní alẹ́ kan ṣoṣo, kí onílé jí kí ó bá púlọ́ọ̀gì tí kò mọ̀ ọ́n mọ́. Oògùn rẹ̀ ni àṣẹ kan tí a ó tẹ̀ sí ojúewé rẹ̀: SetOption65 1. Kò sí ilé-iṣẹ́ tí yóò bá wa tẹ irú rẹ̀ sínú ètò tí a kò rí inú rẹ̀.

Èkejì ni ohun tó yẹ kí púlọ́ọ̀gì ṣe bí iná bá dé. Bí a kò bá sọ nǹkan kan, Tasmota yóò padà sí ipò tó wà kí iná tó lọ. Ẹ wo ẹni tó ń lọ aṣọ tí iná fi lọ. Ó gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀, ó gba ibi iṣẹ́ lọ. Iná dé ní ọ̀sán, kò sí ẹnikẹ́ni nílé. PowerOnState 0 ni a ó kọ fún irú púlọ́ọ̀gì bẹ́ẹ̀, kí ó wà ní pípa títí ènìyàn yóò fi dé tan án.

Ti fíríìjì tún yàtọ̀. Gbogbo wa mọ̀ pé ìgbà tí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ló máa ń ga jù tàbí kí ó rọlẹ̀ jù, ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá wa fi ń sáré lọ yọ fíríìjì bí iná bá ti lọ. Pẹ̀lú PowerOnState 0, a ó kọ òfin yìí, a ó sì fi Rule1 1 jí i:

Rule1 ON System#Init DO RuleTimer1 300 ENDON ON Rules#Timer=1 DO Power1 1 ENDON

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí púlọ́ọ̀gì bá jí, kí ó ka ìṣẹ́jú-àáyá 300, ìyẹn ìṣẹ́jú 5, kí ó tó fún fíríìjì ní iná. Bí iná bá tún lọ láàárín rẹ̀, yóò tún kà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àpẹẹrẹ ló ń lo System#Boot níbi tí mo ti lo System#Init, ṣùgbọ́n Boot máa ń dúró de Wi-Fi, ráútà wa sì lè má tíì jí. Kò yẹ kí fíríìjì máa dúró de ráútà. Àwọn sitẹbiláísà kan ti ń ṣe irú ìdádúró yìí, ẹni tó bá ní wọn kò nílò òfin náà. Púlọ́ọ̀gì fúnra rẹ̀ kò sì ní ààbò: iná tó ga jù lè ba òun jẹ́. Fíríìjì kékeré ni mo ń sọ o. Áńpù 10 ni ọ̀pọ̀ wọn lè gbé, nǹkan bíi wáàtì 2,300; kí ẹnikẹ́ni má ki ẹ̀rọ amúlétutù tàbí ẹ̀rọ tí ń fa omi bọ̀ ọ́.

Èdè ojúewé rẹ̀

Fáìlì ọ̀tọ̀ ni wọ́n kó àwọn ọ̀rọ̀ ojúewé Tasmota sí, fáìlì kan fún èdè kan. Afrikaans wà níbẹ̀. Frisian náà wà, èdè apá àríwá Netherlands tí iye àwọn tó ń sọ ọ́ kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá àwọn tó ń sọ Yorùbá. Ẹni tó bá fẹ́ kọ fáìlì Yorùbá yóò kọ́kọ́ pàdé ON àti OFF. Ọ̀rọ̀ kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń pàṣẹ tó sì tún fi ń ròyìn. Yorùbá pín in: «tan án» ni àṣẹ, «ó tàn» ni ìròyìn, «pa á» ni àṣẹ, «ó kú» ni ìròyìn. Àtùpà ni a kọ́kọ́ ń tàn, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ti gbòòrò, a ń tan fáànù, a ń tan jẹnẹrétọ̀, nítorí náà kò sí ohun tó ní kí ó má bá fíríìjì mu.

Àyè ni ìṣòro kejì. Mẹgabáìtì 1 péré ni gbogbo àyè inú púlọ́ọ̀gì bíi S26. Unicode kò ní ẹyọ lẹ́tà kan ṣoṣo fún ọ́: báìtì 3 ni ọ, báìtì 2 ni àmì òkè orí rẹ̀. «Bọ́tìnì» gba báìtì 12 níbi tí «Button» ti gba 6. Ọ̀nà àbùjá tó máa ń wá síni lọ́kàn ni kí a yọ àmì ohùn kúrò. Bí a bá yọ ọ́, ojúewé yóò kọ «o tan», onílé kò sì ní mọ̀ bóyá iná tàn ni tàbí nǹkan kan ló tán.