Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Ilé kíkọ́ nítòsí ibùdókọ̀ rélùwéè

Láyé àtijọ́, ọkọ̀ ojú omi ló ń kó èrò wá sọ́jà Ejìnrìn létí ọ̀sà, níbi tí wọ́n ti ń ta epo pupa láti Ìjẹ̀bú àti ọjà òyìnbó láti Èkó. Nígbà tí rélùwéè gba Abẹ́òkúta dé Ìbàdàn ní 1901, ẹrù rí ọ̀nà mìíràn gbà. Ibi tí ọkọ̀ bá ń gbà ni èèyàn ń lọ.

Rélùwéè tuntun Èkó sí Ìbàdàn, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021, ní ibùdó ní Kájọlà, Papalántò àti Omi-Àdìó. Oko ṣì pọ̀ láyìíká ibẹ̀, ààyè ilé sì wà. Ṣùgbọ́n láìsí omi, iná àti ọkọ̀ tó ń lọ déédéé, ta ló máa gbébẹ̀?

Tó bá wù yín láti kọ́lé síbẹ̀, kẹ́ ẹ tó sanwó ilẹ̀, ẹ mú ìwé sọ́fè rẹ̀ lọ sọ́fíìsì Surveyor-General ìpínlẹ̀ náà, kí wọ́n wò ó bóyá ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé e.