Ìrìndọ̀ àti Ìrìn-àjò Òkè-Òkun: Ìyànjú fún Ẹni Tí Yóò Kọ́kọ́ Wọ Bàálù

Nínú ayẹyẹ ilé-ẹ̀kọ́ wa yìí, a mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yóò kọ̀wé nípa àwọn olùkọ́ wa àtijọ́ àti nípa àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tí Ọlọ́run ti gbé ga. Àwa yan ọ̀rọ̀ kan tí ó kéré lójú, ṣùgbọ́n tí ó ń dá ọ̀pọ̀ nínú wa dúró sílé. Àwọn ọmọ wa ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Houston àti ní Toronto. Wọ́n ń bímọ, wọ́n sì ń pè wá. Físà yóò jáde, owó ọkọ̀ yóò wà nílẹ̀, síbẹ̀ bàbá tàbí ìyá yóò máa wá àwáwí. Bí a bá wádìí ọ̀rọ̀ náà dé ìdí, nígbà púpọ̀ a óò rí i pé ẹ̀rù èébì ni.

A kò sọ èyí láti fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí àwa gan-an ni ẹlẹ́rìí. Àwọn tí a jọ wọ lọ́rì ilé-ẹ̀kọ́ lọ síbi ìdíje eré ìdárayá kò ní gbàgbé pé wọ́n máa ń gbé korobá lé wa lọ́wọ́ kí ọkọ̀ tó ṣí. Wọ́n sọ wá ní orúkọ kan tí kò yẹ kí a kọ sínú ìwé ìròyìn yìí. Nígbà tí ọmọbìnrin wa àgbà bí àkọ́bí rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó bẹ̀ wá pé kí àwa àti ìyá rẹ̀ wá. A dáhùn pé iṣẹ́ ìjọ pọ̀. Irọ́ ni a pa. Wákàtí mẹ́fà àti díẹ̀ nínú bàálù láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù ni ó ń bà wá lẹ́rù. Ìyàwó wa nìkan ni ó lọ; orí fóònù ni àwa ti gbàdúrà fún ọmọ náà lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwa ni àgbà tí kò sí lọ́jà. Ọmọ náà pé ọdún mẹ́ta kí a tó fi ojú kàn án.

Kí ni ó ń fa ìrìndọ̀?

Àwọn Gíríìkì àtijọ́ ń pe ọkọ̀ ojú omi ní *naus*, láti ara rẹ̀ ni wọ́n sì ti fa ọ̀rọ̀ tí àwọn oníṣègùn ń lò fún ìrìndọ̀ títí di òní. Ó ti pẹ́ tí ènìyàn ti mọ̀ pé ìrìn ọkọ̀ a máa da inú rú. Nínú etí wa lọ́hùn-ún, níbi tí ojú kò lè dé, àwọn ihò kékeré kan wà tí omi wà nínú wọn. Bí orí bá mì, omi náà a mì, a sì fi tó ọpọlọ létí pé ara ń rìn. Ojú pẹ̀lú ń jíṣẹ́ tirẹ̀. Nínú bàálù, ẹ̀yìn àga tí ó wà níwájú ẹni ni ojú ń wò, àga náà kò sì kúrò lójú kan. Nítorí náà ojú ní a jókòó jẹ́ẹ́, etí ní a ń rìn. Bí ẹ̀rí méjèèjì kò bá ti bára mu, ọpọlọ a dààmú, òòyì a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni, itọ́ a kún ẹnu, èébì a sì máa gbéni. Ìdí rẹ̀ nìyí tí awakọ̀ kì í fi í sábà bì bí èrò ẹ̀yìn: ojú rẹ̀ wà lọ́nà, ó sì mọ̀ pé ọkọ̀ fẹ́ yà kí ó tó yà.

Kì í ṣe àìsàn ìtìjú. Charles Darwin, onímọ̀ ńlá nì, jìyà rẹ̀ gidigidi nínú ọkọ̀ Beagle láàárín 1831 sí 1836. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọwọ́ ayé, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan nínú ìjọ ti máa ń rò. Etí àti ojú ni wọ́n ń jiyàn.

Ẹ̀rù náà fúnra rẹ̀

Nígbà tí wọ́n pè wá lẹ́ẹ̀kejì, a lọ bá dókítà kan tí ó jẹ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ó bi wá pé, "Bàbá, ìgbà wo ni ẹ bì gbẹ̀yìn nínú ọkọ̀?" A ronú títí, a kò rántí, ó ti lé ní ogún ọdún. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ wò ó, sà, ìrìndọ̀ ti lọ, ẹ̀rù rẹ̀ ni ó kù." Ó ṣàlàyé pé àwọn ọmọdé láti bí ọdún méjì sí méjìlá ni nǹkan yìí ń yọ lẹ́nu jù, àti pé ó máa ń dínkù fún ọ̀pọ̀ ènìyàn bí wọ́n ti ń dàgbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù pẹ̀lú lè da inú rú. Bí àyà bá ń já, ikùn a máa yí. Bí ikùn bá yí, a ó ní, "Ó ti dé," àyà a sì tún já sí i. Ẹlòmíràn ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàárẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ ìrìn-àjò, nígbà tí bàálù kò tíì kúrò nílẹ̀.

Ìmúra sílẹ̀

Èkíní, ẹ fi ìrìn kúkúrú dán ara yín wò. Ọkọ̀ ojú irin tí ó ń rìn láàárín Èkó àti Ìbàdàn dára fún èyí. Ẹ jókòó kí ẹ dojú kọ ibi tí ọkọ̀ ń lọ. Ara a máa kọ́ ìrìn, ọkàn náà a sì máa kọ́ pé kò sí ewu.

Èkejì, ẹ kọ́ bí a ti ń mí nígbà tí ẹ̀rù bá dé. Ẹ fa èémí sínú pẹ̀lẹ́ títí ẹ ó fi ka mẹ́rin, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ títí ẹ ó fi ka mẹ́fà. Ilé ni kí ẹ ti kọ́ ọ; ojú ogun kọ́ ni à ń kọ́ ìjà.

Ẹ̀kẹta, ẹ rí dókítà. Àwọn oògùn bíi promethazine àti cinnarizine wà fún ìrìndọ̀, ṣùgbọ́n kí ọkọ̀ tó gbéra ni a ń lò wọ́n. Bí inú bá ti dàrú tán, agbára wọn kò pọ̀ mọ́. Wọ́n a máa múni sùn, a kò sì gbọdọ̀ pò wọ́n mọ́ ọtí. Ẹni tí ó ní àìsàn ojú, tí ìtọ̀ kò yá lára rẹ̀, tàbí tí ó ń lo oògùn mìíràn kò gbọdọ̀ dá wọn lò. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti ìtọ̀ ṣúgà yín kò gbọdọ̀ wà nínú àpótí ńlá. Ẹ fi í sínú báàgì ọwọ́.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má gbààwẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ ó wọkọ̀. A mọ̀ pé èyí yóò ya àwọn kan lẹ́nu lẹ́nu àlùfáà. Ṣùgbọ́n òfìfo ikùn a máa mú ìrìndọ̀ le, bẹ́ẹ̀ náà ni ọbẹ̀ olóròóró àti ẹran ọlọ́ràá. Oúnjẹ díẹ̀ tí ó fúyẹ́ ni ó yẹ. Ẹ rántí Ìṣe Àwọn Aposteli orí 27: nínú ìjì, nígbà tí àwọn 276 tí ó wà nínú ọkọ̀ ti wà láìjẹun fún ọjọ́ mẹ́rìnlá, Pọ́ọ̀lù Mímọ́ gbàdúrà, ó dúpẹ́, ó bu búrẹ́dì, ó sì rọ̀ wọ́n kí wọ́n jẹun nítorí ìlera wọn.

Nínú bàálù

Ẹ bẹ̀bẹ̀ fún àga tí ó wà létí apá bàálù, nítorí ibẹ̀ ni mímì rẹ̀ kéré jù. Bí ó bá ń mì, ẹ gbé orí ti ẹ̀yìn àga, kí ẹ di ojú, tàbí kí ẹ wo ìpẹ̀kun ọ̀run láti ojú fèrèsé. Ẹ ṣí ihò afẹ́fẹ́ tí ó wà lókè orí yín. Ẹ má wo fóònù, ẹ má sì kàwé. Bíbélì pẹ̀lú wà nínú ìwé tí a ń sọ: àdúrà àti orin tí ẹ ti mọ̀ sórí ni kí ẹ lò. Atalẹ̀ a máa ran àwọn kan lọ́wọ́. A lè mú súùtì alátalẹ̀ dání. Ẹ máa mu omi díẹ̀díẹ̀. Àpò èébì wà nínú àpò ẹ̀yìn àga iwájú. Ẹ wò ó kí bàálù tó gbéra, kí ọkàn lè balẹ̀. Ẹ sì sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ inú bàálù. Iṣẹ́ wọn ni.

Bí ó ti rí fún wa

Ṣé a bì? Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀ẹ̀kan péré, lókè aginjù Sàhárà. A fi àpò náà gbà á. Ọmọbìnrin òṣìṣẹ́ kan gbà á lọ́wọ́ wa, ó fún wa ní omi tútù. Ọkùnrin tí ó jókòó tì wá kò tilẹ̀ jí lójú oorun. Ohun tí a ti ń sá fún láti ìgbà lọ́rì ilé-ẹ̀kọ́ kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, lẹ́yìn rẹ̀ a sùn. Ní pápákọ̀ òfuurufú, ọmọ ọlọ́dún mẹ́ta kan fara pamọ́ sẹ́yìn ìyá rẹ̀, nítorí kò mọ̀ wá. Èyí dùn wá ju èébì lọ. Ọjọ́ kẹrin ni ó tó gbà kí a gbé òun.

Ní 1826 tí Àjàyí Crowther kọ́kọ́ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ̀ ojú omi ni ó wọ̀, ọ̀sẹ̀ ni wọ́n sì ń fi ka irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Wákàtí ni tiwa. Ẹ̀yin òbí àti ẹlẹgbẹ́ wa tí ìwé ìpè wà nínú àpótí yín, ẹ má fi orí fóònù gbàdúrà fún ọmọ tí ọwọ́ yín lè gbé. Kí Ọlọ́run ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ yín, kí ó sì jẹ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ wa máa gòkè sí i. Àmín.